Ẹ Yẹ Ọmọkùnrin Wò Kí Ẹ Tó Dá Abẹ́ Fún Un

Ẹ̀yin aláboyún àti agbẹ̀bí, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin oyún ni abẹ́ ọmọkùnrin ń di pípé. Họ́mọ̀nù ni ó ń darí iṣẹ́ náà, àwọn kẹ́míkà kan sì wà tí ń dà á rú. DDT, oògùn apakòkòrò, jẹ́ ọ̀kan. Ní Limpopo, Gúúsù Áfíríkà, wọ́n fín in sí ògiri ilé nítorí ibà. Àwọn oníṣègùn yẹ ọmọkùnrin 3,310 wò: ní abúlé tí a fín in sí láàárín 1995 sí 2003, àbùkù abẹ́ fi ìdá kan nínú mẹ́ta ju ti ibòmíràn lọ.

Oògùn ọjà wa lè má jẹ́ DDT, ṣùgbọ́n ẹ má fi oyún dán an wò. Aláboyún tó ń ta ẹ̀wà ní Mile 12 kò gbọdọ̀ po oògùn apakòkòrò, kí ó má sì dà á sí ẹ̀wà; àgbá tí a dé pinpin ń pa kòkòrò. (Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kò léwu o, ẹ máa sùn sínú rẹ̀.)

Agbẹ̀bí, bí ọmọ bá dé, ẹ wo ihò ìtọ̀: ṣé orí okó ló wà ni, àbí ìsàlẹ̀ rẹ̀? Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, kì í ṣe àfiṣe, kì í sì í ṣe ẹ̀bi ìyá. Ẹ má jẹ́ kí olóòlà fọwọ́ kàn án, bí ìyá ọkọ tilẹ̀ ń kánjú. Awọ tí à bá gé sọnù ni dókítà LASUTH ní Ìkẹjà yóò fi tún un ṣe. Ẹ fọwọ́ wá kórópọ̀n méjèèjì pẹ̀lú. Bí ọ̀kan kò bá tíì sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ọmọ pé oṣù mẹ́fà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.