Nídìí oògùn, kò sí èènì: Ohun tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa gíráàmù àti mílígíráàmù

Bí èèyàn bá dé ọjà Ìkòtún tàbí ti Ìgàndó, tàbí tó dúró nídìí àwọn ìyá tó ń pàtẹ oúnjẹ lójú títì Ẹgàn, nílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nípìínlẹ̀ Èkó, kóńgò ni yóò rí tí wọ́n fi ń wọn gàrí, ìrẹsì àti ẹ̀wà. Bí kóńgò náà bá kún ju bó ṣe yẹ lọ, èrè oníbàárà ni. Bó bá sì dín díẹ̀, ọlọ́jà yóò bu èènì lé e, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n gàrí, ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n oògùn. Nídìí oògùn, kò sí èènì. Ohun tó lé díẹ̀ lójú ẹni tó ń wọ̀n ọ́n lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ara ọmọdé lè gbà. Ìdí nìyí tó fi pọn dandan kí gbogbo òbí mọ ìtumọ̀ àwọn lẹ́tà kéékèèké tí wọ́n máa ń kọ sára páálí àti ìgò oògùn: g, mg, mcg àti ml.

Orí kílógíráàmù tí gbogbo ayé mọ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù kan. Bí a bá pín kílógíráàmù kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún (1,000), ìdá kan nínú rẹ̀ ni gíráàmù, èyí tí wọ́n ń kọ ní g. Bí a bá tún pín gíráàmù kan sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni mílígíráàmù, ìyẹn mg. Bí a bá sì pín mílígíráàmù náà sọ́nà ẹgbẹ̀rún, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírógíráàmù, tí wọ́n ń kọ ní mcg. Ẹgbẹ̀rún, ẹgbẹ̀rún ni àkàsọ̀ náà fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ní ti ml, kì í ṣe ìwúwo rárá, bí nǹkan olómi ṣe pọ̀ tó ló ń sọ. Mílílítà ni wọ́n ń pè é, ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ló sì wà nínú lítà kan.

Ilẹ̀ Faransé ni ètò ìwọ̀n yìí ti ṣẹ̀, nígbà tí wọ́n fi òfin gbé gíráàmù kalẹ̀ lọ́dún 1795. Ní Nàìjíríà, pọ́n-ùn àti áúnsì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ìwọ̀n àti òṣùwọ̀n lọ́dún 1974. Áúnsì kan sún mọ́ gíráàmù méjìdínlọ́gbọ̀n àti ààbọ̀ (28.35g), ìṣirò rẹ̀ kò sì rọrùn. Ti gíráàmù rọrùn ní tiẹ̀, nítorí òdo mẹ́ta péré ni èèyàn ń fi kún un tàbí tó ń yọ kúrò.

Ẹni tó bá ti ṣẹ́ owó rí mọ ọgbọ́n tó wà níbẹ̀. Bí èèyàn bá ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún kan náírà sí náírà mẹ́wàá mẹ́wàá, iye bébà owó yóò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó náà kò lé, bẹ́ẹ̀ ni kò dín. Bákan náà ló rí níbí. Bí a bá ń ti orí ìwọ̀n ńlá bọ́ sórí kékeré, nọ́ńbà gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún: gíráàmù kan jẹ́ 1,000mg, ààbọ̀ gíráàmù (0.5g) jẹ́ 500mg. Bí a bá ń gòkè padà, ẹgbẹ̀rún la ó fi pín in: 250mcg jẹ́ 0.25mg.

Ibi tí ewu wà jù ni oògùn ibà olómi tí wọ́n ń fún ọmọdé, ìyẹn parasítámọ́ọ̀lù. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ti inú ìgò ńlá, tí wọ́n kọ 125mg/5ml tàbí 120mg/5ml sí lára. Èkejì ni ti ọmọ ọwọ́, tí wọ́n máa ń kán sí i lẹ́nu, tí òmíràn nínú wọn ní 100mg nínú 1ml ṣoṣo. Ìgò ti èkejì kéré, ọ̀pọ̀ sì lè rò pé oògùn inú rẹ̀ kò le.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ kan tó wúwo tó kílógíráàmù mẹ́wàá (10kg) ṣe àpẹẹrẹ. Mílígíráàmù mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń lò fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 100mg sí 150mg ló tọ́ sí ọmọ yìí lẹ́ẹ̀kan. Bí ìyá rẹ̀ bá fún un ní 5ml láti inú ìgò ńlá, 125mg ló gbà, ó sì ṣe wẹ́kú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ inú ìgò kékeré ló ti wọn 5ml kan náà, 500mg ni ọmọ náà gbé mì, ìyẹn odidi hóró kan tí àgbàlagbà ń lò! Irú àṣìṣe yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn tó ń ṣe oògùn náà ní Amẹ́ríkà pinnu lọ́dún 2011 pé ìwọ̀n kan ṣoṣo, 160mg/5ml, làwọn yóò máa ṣe fún ọmọ ọwọ́ àti ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àgbàlagbà náà. Gíráàmù mẹ́rin (4g) parasítámọ́ọ̀lù ni kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún. Ẹni tó bá mọ ìṣirò yóò rí i pé hóró mẹ́jọ tó jẹ́ 500mg nìyẹn. Àmọ́ parasítámọ́ọ̀lù tún máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn òtútù àti ọ̀fìnkìn, ẹni tó bá ń lò wọ́n pọ̀ lè kọjá ààlà láìfura, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ni yóò sì jìyà rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ìwọ̀n náà gba àkíyèsí. Bí ìwé dókítà kò bá hàn ketekete, èèyàn lè ka mcg sí mg, ìyẹn sì jẹ́ àṣìṣe ìlọ́po ẹgbẹ̀rún. Bí wọ́n bá kọ 5.0mg, tí àmì àárín rẹ̀ kò hàn, ó ti di àádọ́ta. Bí wọ́n bá sì kọ .5mg láìsí òdo níwájú, ó lè di márùn-ún.

Nítorí náà, kí òbí tó ṣí ìgò oògùn, kó kọ́kọ́ ka iye mg tó wà nínú iye ml tí wọ́n kọ sí i lára. Ṣíbí ilé kò dọ́gba, ife ìwọ̀n tàbí síríǹjì tó bá oògùn wá ni kó lò. Kó mọ bí ọmọ rẹ̀ ṣe wúwo tó, kó sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta oògùn. Bí ohun kan bá rú u lójú, kó béèrè lọ́wọ́ apòògùn tó kọ́ṣẹ́ tàbí nílé ìwòsàn. Àwọn ará Ẹgàn kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ìjọba Alímọ̀ṣọ́ tó wà n'Ígàndó.

Àwọn àgbà ló sọ pé bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mílígíráàmù rí: ó kéré lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fojú wọ̀n.