Àwọn Adágún Ẹsẹ̀ Òkè Alps ní Gúúsù Jámánì

Ní ìpẹ̀kun gúúsù Jámánì, níbi tí ìpínlẹ̀ Bavaria ti bá orílẹ̀-èdè Austria pààlà, ni apá kan lára àwọn òkè Alps, ìyẹn àwọn òkè gàgàrà tí ó la àárín Yúróòpù já, ti wọ ilẹ̀ Jámánì. Omi dídì ni ó gbẹ́ púpọ̀ nínú àwọn adágún tí ó wà lẹ́sẹ̀ àwọn òkè náà. Ní ayé àtijọ́, nígbà tí òtútù mú ju ti ìsinsìnyí lọ, òkìtì omi dídì ńláńlá kún àwọn àfonífojì, bí ó sì ti ń rọra ṣí lọ sísàlẹ̀ ni ó ń ha ilẹ̀ àti àpáta, títí ó fi yọ́ tán tí omi sì gba kòtò tí ó fi sílẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, Königssee, tí kò jìnnà sí ìlú Berchtesgaden, ni ó fi hàn jù lọ pé ẹwà irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ bí ènìyàn kò bá tọ́jú rẹ̀. Jíjìn rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 190, àpáta sì dúró ṣánṣán ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì dé ibi pé kò sí ọ̀nà tí ó yí i ká. Láti ọdún 1909 ni ọkọ̀ ojú omi tí ń lo iná mànàmáná dípò epo ti ń gbé èrò níbẹ̀, ìpinnu tí ó yẹ fún ìyìn gidigidi, nítorí pé òun ni ó jẹ́ kí omi náà mọ́ gaara kí ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́ títí di òní. Ìdákẹ́rọ́rọ́ náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń dá ọkọ̀ dúró láàárín omi, tí ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ a fọn fèrè, tí àpáta a sì gbohùn rẹ̀ padà. Ọkọ̀ náà ń dúró ní St. Bartholomä, ṣọ́ọ̀ṣì olórùlé pupa ribiti kan tí òkè Watzmann, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,713, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìgbà ooru bá parí, àwọn àgbẹ̀ a kó màlúù wọn tí ó ti ń jẹko lórí òkè sínú ọkọ̀ pẹlẹbẹ, wọn a sì gba orí adágún kó wọn wálé. Bí jàǹbá kankan kò bá ṣẹlẹ̀ lọ́dún náà, wọn a ṣe orí àwọn màlúù náà lọ́ṣọ̀ọ́.

Zugspitze, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 2,962, ni òkè tí ó ga jù ní Jámánì. Ọkọ̀ ojú irin eléyín, èyí tí àgbá rẹ̀ ń di irin mú kí ó má baà yọ̀ sẹ́yìn, ti ń gun òkè náà láti ọdún 1930, ọkọ̀ tí wáyà ń fà lókè sì ń gbéra láti etí adágún Eibsee tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bani nínú jẹ́ pé omi dídì orí òkè yìí ń tán lọ nítorí ooru ayé tí ń pọ̀ sí i: ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ kéde pé èyí tí ó wà níhà gúúsù ti kéré ju ohun tí a lè kà mọ́ àwọn òkìtì omi dídì tí ń ṣí lọ.

Ọba Ludwig Kejì, tí ó jọba ní Bavaria láti 1864 sí 1886, fẹ́ràn agbègbè yìí nítorí pé ó lè fara pamọ́ fún èrò níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ààfin Neuschwanstein lórí àpáta kan nítòsí ìlú Füssen ní 1869, ó sì tún kọ́ òmíràn sórí erékùṣù kan nínú Chiemsee, adágún tí ó tóbi jù ní Bavaria. Ó wàjà nínú adágún Starnberg ní oṣù Kẹfà ọdún 1886, kò sì pé oṣù méjì tí wọ́n fi ṣí Neuschwanstein sílẹ̀ fún aráyé. Ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ń wò ó lọ́dún, nítorí náà ó dára kí ènìyàn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá gba ìlú Munich wọlé kò nílò ọkọ̀ ti ara rẹ̀, torí pé ọkọ̀ ojú irin ń dé Garmisch-Partenkirchen, ìlú tí ó wà lẹ́sẹ̀ Zugspitze, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan àbọ̀, ó sì ń dé Füssen àti Berchtesgaden pẹ̀lú. Láti oṣù Karùn-ún títí di oṣù Kẹwàá ni ó rọrùn jù láti rìn káàkiri. Ní ìgbà òtútù, ọkọ̀ Königssee kì í kọjá St. Bartholomä.