Owó Tí A Fi Ń Wá Ipò

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá síwájú yín lónìí ni ti owó tí àwọn ènìyàn ń dá fún ẹni tí ń wá ipò aṣòfin ìpínlẹ̀, àti bí ó ti ń ná an.

Kò sí ẹni tí ó lè wá ipò láìnáwó. Yóò tẹ ìwé, yóò háyà ọkọ̀, yóò sì bọ́ àwọn tí ń bá a rìn láti abúlé dé abúlé. Ìnáwó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá ní ìwọ̀n, olówó nìkan ni yóò máa jókòó ní ilé ìgbìmọ̀. Nítorí èyí ni a fi ṣe òfin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1883, tí ó fi òpin sí ìnáwó olùdíje, tí ó sì pàṣẹ pé kí ó yan aṣojú kan tí yóò jíhìn owó náà lẹ́yìn ìdìbò.

Ní Nàìjíríà, Òfin Ìdìbò ti ọdún 2022 fi ₦30,000,000 ṣe òpin ìnáwó ẹni tí ń wá ipò aṣòfin ìpínlẹ̀ nígbà náà. Ìtanràn tí òfin náà fi lélẹ̀ nígbà náà fún ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ rú u ni ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye náà, èyí tí í ṣe ₦300,000, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù 12 lọ, tàbí méjèèjì. Òfin kan náà wí nígbà náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún olùdíje kan ju ₦50,000,000 lọ. Ẹ fi iye méjèèjì wé ara wọn: lábẹ́ òfin ọdún 2022 náà, ẹnì kan ṣoṣo lè san gbogbo ìnáwó olùdíje náà nígbà náà láìrú òfin. Ta ni aṣòfin bẹ́ẹ̀ yóò wá sìn, ìlú tí ó dìbò ni, tàbí ẹni tí ó sanwó? Àwọn àgbà wí pé bí ẹnu bá jẹ, ojú a tì.

Kí a má ṣe rò pé olùdíje nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, olùdíje kan fi owó ńlá ránṣẹ́ sí ìkórè wa. A gbà á, a sì pàtẹ́wọ́. Èmi pàápàá kò bi í léèrè ibi tí ó ti wá. Nígbà tí ó dé ipò, tí ọ̀nà abúlé wa sì bàjẹ́, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí ó lè la ẹnu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, nígbà tí olùdíje bá wá sí ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe bi í léèrè ohun tí ó mú wá. Ẹ béèrè pé: Ta ni ó fún ọ lówó? Èló ni? Kí ni o fi ṣe? Ẹni tí kò bá tí ì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò lè dúró gba ìdáhùn.