Bí Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Bá Kú: Àgbéyẹ̀wò Sáà Àkọ́kọ́ Eré Tẹlifíṣàn Degrassi: The Next Generation

Ìfáárà

Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Òwe yìí kò mọ sórí ọ̀rọ̀ ìdílé àti ogún jíjẹ nìkan. Ó bá ọ̀rọ̀ eré orí tẹlifíṣàn mu pẹ̀lú. Ó ti di àṣà láàrin àwọn olóòtú eré ní òkè òkun pé bí eré kan bá lókìkí, wọn a mú ẹ̀dá-ìtàn kan tàbí méjì jáde láti inú rẹ̀, wọn a sì fi wọ́n dá eré mìíràn sílẹ̀. Irú eré tuntun bẹ́ẹ̀ ni eré ọmọ. Èyí tí ó ti ara rẹ̀ jáde ni eré ìyá.

Iṣẹ́ tí ó wà níwájú eré ọmọ kò rọrùn. Bí ó bá fara jọ ìyá rẹ̀ jù, àwọn òǹwòran yóò ní àtúnsọ lásán ni. Bí ó bá sì yàtọ̀ jù, wọn yóò béèrè ìdí tí ó fi ń jẹ́ orúkọ ìyá rẹ̀. Sáà àkọ́kọ́ ni a fi ń mọ èyí tí yóò gbé e àti èyí tí kò ní í gbé e. Degrassi: The Next Generation, eré àwọn ọ̀dọ́ láti ilẹ̀ Kánádà, jẹ́ àpẹẹrẹ eré ọmọ tí ó yege nínú ìdánwò yìí. Ó sì tún kan àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé olùkọ́ ni ó pilẹ̀ rẹ̀, ilé-ìwé ni ibùdó ìtàn rẹ̀, àwọn ewu tí ó ń dojú kọ ọmọ ilé-ìwé ni ó sì fi ṣe kókó.

Orírun Eré Náà

Linda Schuyler ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìlú Toronto kí òun àti Kit Hood tó dá ilé-iṣẹ́ fíìmù Playing With Time sílẹ̀ ní ọdún 1976. Ní ọdún 1979 ni wọ́n ṣe fíìmù kékeré kan, Ida Makes a Movie, láti inú ìwé ọmọdé tí Kay Chorao kọ. Láti ibẹ̀ ni eré The Kids of Degrassi Street ti sú yọ. Orúkọ òpópónà kan ní Toronto ni wọ́n fi pè é. Degrassi Junior High (1987 sí 1989) àti Degrassi High (1989 sí 1991) ni ó tẹ̀ lé e lórí CBC. Fíìmù School's Out ni wọ́n fi kádìí ìtàn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ní ọdún 1992.

Nínú Degrassi Junior High, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan wà tí ń jẹ́ Christine Nelson. Spike ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, nítorí irun orí rẹ̀ tí ó dúró ṣóńṣó. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí ó lóyún. Apá tí ọ̀rọ̀ oyún náà ti bẹ̀rẹ̀, “It's Late”, gba ẹ̀bùn International Emmy ní ọdún 1987. Spike bí ọmọbìnrin, ó sì sọ ọ́ ní Emma. Nígbà tí Schuyler àti òǹkọ̀wé Yan Moore wá ń ronú bí wọn yóò ṣe dá eré náà padà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí ó parí, Moore ṣírò ọjọ́ orí ọmọ yìí. Ó rí i pé Emma ti tó ẹni tí yóò wọ ilé-ìwé. Ìṣírò kékeré yìí ni ìpìlẹ̀ eré tuntun náà. Kì í ṣe gbajúmọ̀ òṣèré ni wọ́n gbé eré ọmọ lé, bí kò ṣe ọmọ gan-an, ẹni tí àwọn òǹwòran àtijọ́ mọ oyún rẹ̀ kí wọ́n tó mọ ojú rẹ̀.

Ìgbékalẹ̀ Sáà Àkọ́kọ́

Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2001 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣàn CTV bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà hàn ní Kánádà. Apá 15 ni ó wà nínú sáà náà, ó sì parí ní oṣù kẹta, ọdún 2002. Kíláàsì keje àti ìkẹjọ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ inú rẹ̀ wà. Ìtàn méjì ni ó sábà máa ń rìn pọ̀ nínú apá kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wúwo, èkejì fúyẹ́ díẹ̀, kí ọkàn ọ̀dọ́ tí ń wò ó má baà rẹ̀.

Ohun kan tí ó fún sáà yìí ní iyì ni ọjọ́ orí àwọn òṣèré. Nínú ọ̀pọ̀ eré ọ̀dọ́ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àgbàlagbà ni ó ń ṣe ọmọdé. Nígbà tí Beverly Hills, 90210 bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990, ọmọ ọdún 29 ni Gabrielle Carteris tí ó ṣe akẹ́kọ̀ọ́ girama nínú rẹ̀. Ti Degrassi kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 14 ni Miriam McDonald tí ó ṣe Emma. Ọmọ ọdún 14 náà ni Aubrey Graham tí ó ṣe Jimmy Brooks, ẹni tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Drake, olórin, lẹ́yìn náà. Ohùn wọn, ìrìn wọn àti ìtìjú ojú wọn kò ní ẹ̀tàn. Ọmọ tí ń wò wọ́n rí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ewu Tí Kò Gba Ẹnu Ọ̀nà Wọlé

Apá méjì àkọ́kọ́, “Mother and Child Reunion”, ni ó so ìyá àti ọmọ pọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ń ṣe ìpàdé ìrántí ní ilé-ìwé náà. Spike, Joey Jeremiah, Caitlin Ryan àti Archie Simpson tí wọ́n ń pè ní Snake wà níbẹ̀. Ní àkókò yìí kan náà, Emma ti bá ẹnì kan tí ń jẹ́ Jordan dọ́rẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Jordan ní ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ ni òun. Nígbà tí Emma lọ pàdé rẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, àgbàlagbà ọkùnrin ni ó bá, ète búburú sì ni ó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀nà tí Emma gbà bọ́ ni ó yẹ kí olùkọ́ fi ọkàn sí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n wo àwọn lẹ́tà rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fura. Àmọ́ wọn kò lè dá a gbà; àgbà ni wọ́n sáré lọ bá. Spike àti Snake ni wọ́n lọ sí hòtẹ́ẹ̀lì náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ìmọ̀ nípa ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, agbára wà lọ́wọ́ àwọn àgbà, ìṣọ̀kan méjèèjì ni ó yọ Emma. Eré náà kò sọ pé kí ọmọdé má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ohun tí ó ń sọ ni pé ọmọ tí ó bá ní ẹni tí ó lè finú hàn kò ní í dá ewu rẹ̀ gbé. Ní ọdún 2001, ọ̀rọ̀ yìí ṣì jẹ́ tuntun sí ọ̀pọ̀ òbí. Lónìí tí fóònù wà lọ́wọ́ ọmọdé káàkiri, ó ti di ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Ẹ̀kọ́ Láìsí Ìwàásù

Àwọn kókó-ọ̀rọ̀ yòókù nínú sáà náà pọ̀. Ìyá Ashley àti bàbá Toby ń gbé pọ̀, nítorí náà ọmọ méjì tí kò bára tan di ará ilé kan náà. Nínú “Family Politics”, Toby ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn láti bá Ashley díje nínú ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Nínú “Parents' Day”, àwọn òbí Toby tí wọ́n ti kọ ara wọn sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ dá lé lórí. Nínú “Basketball Diaries”, Jimmy ń lo oògùn Ritalin tí dókítà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, Spinner, kí ó lè yege nínú eré bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀. Ìpalára náà sì kan àwọn méjèèjì. Nínú “Jagged Little Pill” tí ó parí sáà náà, Ashley gbé oògùn olóró jẹ níbi àríyá, ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Nínú gbogbo ìtàn wọ̀nyí, kò sí alàgbà tí ó dìde ní ìparí láti sọ ohun tí òǹwòran gbọ́dọ̀ kọ́. Àbájáde ìwà ni ó ń sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ tí ó dára jù ni “Coming of Age”, níbi tí Emma ti kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù rẹ̀ ní ilé-ìwé. Wọ́n fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ó là á mọ́lẹ̀ níwájú kíláàsì láìtijú pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun nìyẹn. Yẹ̀yẹ́ náà pàdánù agbára rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń fi ojú fò ni eré yìí sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ àti òye.

Ipò Olùkọ́ nínú Eré Náà

Bí eré ìyá ṣe di eré ọmọ hàn kedere lára àwọn olùkọ́. Snake, akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ tí Stefan Brogren ń ṣe, ti di olùkọ́ tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Raditch tí ó jẹ́ olùkọ́ nínú eré ìyá ti di ọ̀gá ilé-ìwé. Òǹwòran tí ó mọ Snake nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ń kọsẹ̀ lè gbà á gbọ́ nígbà tí ó bá ń fi sùúrù gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ìfìwàwẹ̀dá yìí rán olùkọ́ létí pé òun náà ti jókòó lórí àga akẹ́kọ̀ọ́ rí.

Sáà náà kò fi ewu tí ó wà nínú iṣẹ́ olùkọ́ pamọ́. Nínú “Rumours and Reputations”, àhesọ tàn kálẹ̀ nípa olùkọ́ ìṣirò, Ọ̀gbẹ́ni Armstrong, àti akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, Liberty. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ó ń ràn án lọ́wọ́ nínú ẹ̀kọ́ tí kò yé e. Àwọn àgbà ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ní ojú méjì: kí ọmọdé ṣọ́ ẹnu rẹ̀, kí olùkọ́ sì ṣe oore rẹ̀ ní gbangba, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i. Bí apá àkọ́kọ́ sì ti fi hàn pé ewu tòótọ́ wà láti ọ̀dọ̀ àgbàlagbà, a kò lè sọ pé eré náà ní kí ọmọ má sọ ohun tí ó bá rí. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ìfura tí a gbé lọ bá àgbà àti àhesọ tí a fọ́n ká láàrin ẹgbẹ́ ni ó ń kọ́ni.

Àléébù Rẹ̀

Sáà náà ní àléébù. Àkókò apá kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 22 lọ, ìtàn méjì sì ń pín in. Nítorí náà, ìṣòro tí ó lè gba oṣù mẹ́fà kí ó tó tán nílé ènìyàn máa ń rí ojútùú kíá. Ẹ̀rù ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní hòtẹ́ẹ̀lì, fún àpẹẹrẹ, ìbá yẹ kí ó pẹ́ lọ́kàn Emma ju bí ó ti hàn lọ. Olùkọ́ tí ó bá fi irú eré báyìí kọ́ni gbọ́dọ̀ dí àlàfo yìí pẹ̀lú ìbéèrè: Kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì? Ta ni ọmọ náà bá sọ̀rọ̀?

Àgbálọgbábọ̀

Eré náà kò kú lẹ́yìn sáà àkọ́kọ́. Ó rìn títí di ọdún 2015, ó sì tó apá 385. Ìpìlẹ̀ tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ọdún 2001 ni ó gbé e dé ibẹ̀: ọmọ tí ó ní ìyá nínú ìtàn, òṣèré tí ọjọ́ orí rẹ̀ bá ipa rẹ̀ mu, àti ẹ̀kọ́ tí kò fi pàṣán lé ọmọdé. Fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ẹ̀kọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pé ọmọdé máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ tirẹ̀. Schuyler gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nínú kíláàsì kí ó tó gbé kámẹ́rà. Etí gbígbọ́ ni irinṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tí yóò kọ́ ọmọ, ìbáà jẹ́ ìwé ni yóò fi kọ́ ọ tàbí eré.