Ọgbẹ́ Inú: Ata Kọ́ Ni Olè



Bí inú bá ń ta ẹnì kan nínú ilé wa lóru, ohun tí a sábà máa ń wí ni pé: «Ata ló pọ̀ jù», tàbí «Ebi ló pa á jù». A ó fún un ní ẹ̀kọ mu, ara yóò rọ̀ ọ́, àmọ́ kò ní pẹ́ tí yóò tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn dókítà pàápàá rò fún ọjọ́ pípẹ́ pé àròjù àti omi kíkan inú nìkan ni ó ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀.

Ní ìlú Perth, ní Ọsirélíà, dókítà méjì, Robin Warren àti Barry Marshall, rí kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí nínú àpòlúkù àwọn aláìsàn. Wọ́n gbìyànjú títí láti mú un hù nínú àwo, kò hù. Nígbà ìsinmi Ọdún Àjíǹde 1982, àwo kan wà nílẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Kí wọ́n tó padà dé, kòkòrò ti hù. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984, Marshall fúnra rẹ̀ gbé kòkòrò náà mu. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ń bì, àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Ní 2005 wọ́n gba Ẹ̀bùn Nobel. Helicobacter pylori ni orúkọ kòkòrò náà.

Báwo ni ó ṣe ń gbé inú omi kíkan tí ń pa kòkòrò mìíràn? Ó ń ṣe amóníà yí ara rẹ̀ ká, bí ìgbà tí a bá fi káún pa kíkan tòmátì. Bí ó bá jókòó sí ìsàlẹ̀ àpòlúkù, ó ń mú kí omi kíkan tú jáde ju bó ti yẹ lọ. Omi náà á ṣàn wọ ìbẹ̀rẹ̀ ìfun, á sì jẹ ẹ́ di ọgbẹ́. Bí ó bá tàn dé òkè, ibi tí omi kíkan ti ń jáde á gbó, omi náà á dín kù, ṣùgbọ́n ara àpòlúkù ti di aláìlágbára: ọgbẹ́ lè wà níbẹ̀, jẹjẹrẹ sì lè tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní kòkòrò yìí ni ọgbẹ́ ń mú. Aspirin àti irú oògùn ìrora bẹ́ẹ̀ náà sì lè dá ọgbẹ́ sílẹ̀.

Ata lè ta ojú ọgbẹ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló gbẹ́ ẹ. Oògùn tí ń pa kíkan nìkan ń mú ara rọ̀ ni, kò lè lé kòkòrò lọ. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n lè fi èémí tàbí ìgbẹ́ wò ó. Bí kòkòrò bá wà, dókítà yóò fúnni ní oògùn apakòkòrò tó ju ẹyọ kan lọ, pẹ̀lú èyí tí ń dín omi kíkan kù, fún ọjọ́ 10 sí 14. Ẹ jẹ́ kí a lò ó tán, bí ìrora tilẹ̀ lọ ní ọjọ́ kẹrin. Àlòkù kì í ṣe ohun tí a ń pín fún aládùúgbò, nítorí kòkòrò tí kò kú tán máa ń mọ oògùn náà lára. Ó kéré tán ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, kí a tún lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti èwe ni a sábà máa ń kó kòkòrò yìí, láàárín ará ilé. Ẹ jẹ́ kí a máa fọ ọwọ́ àwọn ọmọ, kí omi mímu wa sì mọ́.

Bí ìgbẹ́ ẹnì kan bá dúdú bí ọ̀dà, tàbí tí ó bi ẹ̀jẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà má ṣe ṣú kí a tó gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà.