MySQL: Bí ohun ọ̀fẹ́ ṣe di ọjà olówó ńlá, àti ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún oníṣòwò

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tó ní ìkànnì lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ì báà jẹ́ aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ tàbí bàtà, ni kò mọ̀ pé sọ́fítíwià kan wà lábẹ́ ìkànnì náà tó ń tọ́jú orúkọ oníbàárà, iye ọjà àti owó tó wọlé. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ irú ìkànnì bẹ́ẹ̀, MySQL lorúkọ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń lò ó. Àmọ́ ohun ọ̀fẹ́ yìí ti bọ́ sọ́wọ́ olówó ńlá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ti dá ìyapa sílẹ̀ láàárín àwọn tó jọ ṣe é.

Open source làwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ń pe irú sọ́fítíwià yìí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe é kò fi bó ṣe ṣe é pamọ́. Ẹnikẹ́ni lè wò ó, kó lò ó, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíì, bó bá ṣáà ti tẹ̀lé ìwé àṣẹ tó bá a wá. Ṣe ló dà bí ìgbà tí ìyá olóúnjẹ bá sọ bó ṣe ń se ọbẹ̀ rẹ̀ fún gbogbo ọjà, táwọn olóúnjẹ yòókù sì ń bá a wá ohun tí yóò mú un dùn sí i. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Michael Widenius, ọmọ ilẹ̀ Finland, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ará Sweden, David Axmark àti Allan Larsson, ló dá ilé-iṣẹ́ MySQL sílẹ̀ lọ́dún 1995. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fi ọ̀fẹ́ san owó oṣù. Nítorí náà, ilé-iṣẹ́ náà ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ ìrànlọ́wọ́ bí iṣẹ́ bá dàrú, ó sì ń ta ìwé àṣẹ mìíràn fáwọn tó fẹ́ fi MySQL sínú ọjà tiwọn láìjẹ́ kí aráyé rí bí wọ́n ṣe ṣe ọjà náà. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé ilé-iṣẹ́ yìí ló ni orúkọ MySQL àti ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà. Ohun tó bá sì ti ní ẹni tó ni ín, ó ṣeé tà.

Ní oṣù kìíní, ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ Sun Microsystems ti Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò ra MySQL ní nǹkan bíi bílíọ̀nù kan dọ́là. Nígbà tó di oṣù kẹrin, ọdún 2009, Oracle náà ní òun fẹ́ ra Sun. Ibẹ̀ ni wàhálà ti dé, nítorí irú ọjà tí MySQL ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ gan-an ni Oracle ń tà lówó gọbọi. Àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé yóò ra MySQL kó lè fún un lọ́rùn pa. Widenius fi Sun sílẹ̀ lọ́dún 2009, ó mú ẹ̀dà MySQL, ó sì fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn tó pè ní MariaDB. Ìwé àṣẹ tó wà nílẹ̀ gbà á láyè bẹ́ẹ̀. Ó tún bẹ àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Yúróòpù pé kí wọ́n má fọwọ́ sí i, àmọ́ wọ́n fọwọ́ sí i ní oṣù kìíní, ọdún 2010. Lọ́dún 2013, Wikipedia kó kúrò lórí MySQL lọ sórí MariaDB.

Síbẹ̀, MySQL kò kú. Oracle ṣì ń gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ jáde, ó sì ń ta èyí tó ní àfikún. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé ilé-iṣẹ́ MariaDB fúnra rẹ̀, lọ́dún 2016, fi MaxScale, ọ̀kan nínú àwọn sọ́fítíwià rẹ̀, sábẹ́ ìwé àṣẹ tuntun tó ní káwọn tó ń lò ó fún iṣẹ́ ńlá máa sanwó. Lọ́dún 2024, ilé-iṣẹ́ olówó kan, K1, ra ilé-iṣẹ́ MariaDB náà. Ẹni tó sá fún olówó tún bá olówó pàdé lọ́nà.

Kí wá ni kí oníṣòwò kékeré ṣe? Kò sídìí láti sá fún ohun ọ̀fẹ́, nítorí ó ń dín ìnáwó kù. Àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta wà tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń bá yín ṣe ìkànnì. Èkíní, ta ló ni sọ́fítíwià náà, ṣé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ni àbí àjọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń darí? Èkejì, bí olówó rẹ̀ bá yí ìwé àṣẹ padà lọ́la, ṣé òmíràn wà tí a lè kó lọ síbẹ̀, èló ni kíkó náà yóò sì ná wa? Ẹ̀kẹta, ṣé a lè kó orúkọ oníbàárà àti àkọsílẹ̀ owó wa jáde nígbàkígbà tó bá wù wá?

Ìbéèrè kẹta yìí ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ jẹ́ kó máa fún yín ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kẹ́ ẹ sì tọ́jú u síbi tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀. Sọ́fítíwià lè pààrọ̀ olówó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ni oníbàárà yín. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù.