Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣọ tí kò nílò abẹ́rẹ́ nínú ayé orí íntánẹ́ẹ̀tì

Nínú Second Life, ayé orí íntánẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ Linden Lab l'Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2003, àwọn tó ń lò ó gan-an ló ń ṣe aṣọ tí wọ́n ń tà níbẹ̀.

Àwòrán pẹlẹbẹ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́kọ́ yà pẹ̀lú Photoshop tàbí GIMP, tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Kọ̀ǹpútà yóò wá fi bo ara áfátà, ìyẹn ère tó dúró fún èèyàn níbẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù, níbi tí iwájú àti ẹ̀yìn ti pàdé, ló máa ń da ọ̀pọ̀ láàmú. Ìlà tó gún régé lórí àwòrán lè má bá ara wọn mu mọ́ níbẹ̀. Télọ̀ tó ti gé ankara oníbàárà rí yóò mọ ìrora náà. Bí kò bá sì sí òjìji níbi tí aṣọ ti ká, ńṣe ló máa dà bíi pé wọ́n kun áfátà lọ́dà.

Owó ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Gbígbé àwòrán kan tí kò tóbi púpọ̀ sókè ń gba 10 Linden dollar, tí kò tó sẹ́ǹtì márùn-ún owó Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n àṣìṣe ogún á sọ ọ́ di 200. Ìdí nìyí tí àwọn tó gbọ́n fi ń kọ́kọ́ wọ aṣọ náà wò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tiwọn, níbi tí ẹlòmíràn kò ti ní rí i.